Àṣìkọ ni, àbí Àkọtọ́ Mìíràn? Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìwé Yorùbá Wò ní Bantè àti Savalou

Àpilẹ̀kọ yìí wà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùwádìí tí wọ́n ń ka pátákó, ìwé ìpè, ìwé àlẹ̀mógiri, ìwé ìbí àti ìwé ìtàn ìlú ní kọ́múnì Bantè àti Savalou, ní ẹkùn Collines, orílẹ̀-èdè Benin. Ó ṣàlàyé ohun tó jẹ́ àṣìkọ, ohun tí kì í ṣe àṣìkọ, àti ohun tó yẹ ká ṣe nígbà tí a bá rí i. Àkọtọ́ Nàìjíríà ni a fi kọ ọ́, torí pé òun ni ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tó wà lọ́wọ́ wa ń lò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà kọ Yorùbá sílẹ̀ ní agbègbè wa. Kí a tó sọ pé ọ̀rọ̀ kan kò tọ́, ó yẹ ká mọ èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ń lò. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà kọ ọ́

*Àkọtọ́ Nàìjíríà.* Àwọn míṣọ́nnárì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe ìpàdé lé e lórí ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1875, ìjọba Nàìjíríà sì fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 1974. Àmì abẹ́ lẹ́tà ló fi ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e, ọ kúrò lára o, àti ṣ kúrò lára s.

*Àkọtọ́ Benin.* Ọdún 1975 ni wọ́n ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fún gbogbo èdè ìbílẹ̀ Benin. Wọ́n tún un ṣe ní ọdún 1990 àti 2008. Kò lo àmì abẹ́ lẹ́tà rárá: ɛ, ɔ, sh àti kp ló ń lò.

*Ìkọ̀wé ọwọ́ Faransé.* Èyí kò ní òfin tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀. Bí ẹni tó lọ sí ilé ìwé Faransé ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ létí ló ṣe ń kọ ọ́. Òun ló wà nínú ìwé ìbí, káàdì ìdánimọ̀ àti orúkọ àwọn ìlú.

Bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra nìyí (Nàìjíríà / Benin / ọwọ́ Faransé):

- ẹ / ɛ / è
- ọ / ɔ / o
- ṣ / sh / ch
- p / kp / kp
- j / j / dj
- u / u / ou

Nítorí náà, Adéṣínà, Adéshínà àti Adéchina tọ́ ní ọ̀nà tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òjó àti Odjo, Babátúndé àti Babatoundé. Ohun tí a lè pè ní àṣìkọ ni Adéchínà, tó mú ch láti ọ̀dọ̀ Faransé, tó sì mú àmì ohùn láti inú àkọtọ́ Yorùbá. Ẹni tó bá kà á kò ní mọ̀ bóyá é inú rẹ̀ jẹ́ ohùn òkè, tàbí é tí Faransé fi ń ya e sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ.

Ẹ kíyè sí i pé Mahi ló gbilẹ̀ ní ìlú Savalou, álífábẹ́ẹ̀tì Benin kan náà sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Rírí ɛ àti ɔ lára pátákó kò fi hàn pé Yorùbá ni. Bí ẹ bá rí ɖ tàbí x, Mahi tàbí Fọ̀n ni ẹ ń kà.

Àwọn orúkọ ìlú wa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́

Kọ́múnì Bantè pín sí agbègbè 9: Agoua, Akpassi, Atokolibé, Bantè, Bobè, Gouka, Koko, Lougba àti Pira. Ọwọ́ Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn, wọ́n sì dára láti fi kọ́ bí a ṣe ń kà á.

È tó gbẹ̀yìn Bantè àti Bobè kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ ni wọ́n ń pè. É tó gbẹ̀yìn Atokolibé kì í ṣe ohùn òkè. E lásán ni. Ou inú Gouka àti Lougba jẹ́ u. Ss inú Akpassi wà níbẹ̀ torí pé Faransé ń pe s kan ṣoṣo láàárín fáwẹ̀lì méjì bíi z. Ní apá Savalou, Djaloukou ní dj àti ou papọ̀. Kò sí ohùn kankan nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ wọ́n ní àkọtọ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ gbọ́ wọn lẹ́nu ọmọ ìlú kó tó fi àmì sí i.

Ibi tí èyí ti lè ṣini lọ́nà jù lọ ni orúkọ ẹgbẹ́. Bí ìwé ìpè bá kọ «ègbè odo», ẹni tó mọ ọwọ́ Faransé á kà á sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá á rí ègbè, èyí tí à ń gbè nínú orin, á sì máa rò ó bóyá odò ni wọ́n ń sọ tàbí odó.

Ohun tí kì í ṣe àṣìkọ

*Àkọtọ́ àtijọ́.* Nwọn, enia, aiye àti yio ni wọ́n ń kọ kó tó di ọdún 1974. Wọ́n ṣì wà nínú Bíbélì Mímọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń kà. Ní òní, wọ́n, ènìyàn, ayé àti yóò ni à ń kọ. Bí ẹ bá rí àkọtọ́ àtijọ́ nínú ìwé tí kò ní ọdún lára, ó lè tọ́ka sí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó bá tún un ṣe ti pa ẹ̀rí rẹ́.

*Ẹ̀ka-èdè.* Ìṣà ni wọ́n ń sọ ní Bantè. Ifẹ̀ ni wọ́n ń sọ ní apá ìwọ̀-oòrùn Savalou, títí dé Atakpamé ní Togo. Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó lè wà lẹ́nu àgbà Bantè lójoojúmọ́. Bí a bá fi Yorùbá ilé ìwé tún un ṣe, a ti sọ ọ̀rọ̀ náà nù.

*Orúkọ lórí ìwé ìjọba.* Bí wọ́n bá kọ Odjo fún ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n kọ Ojo fún àbúrò, ọmọ ìyá kan náà lè di ẹni tí wọ́n ní kó lọ fi ẹ̀rí hàn pé òun ni. Kì í ṣe tiwa láti yí i padà sínú ìwé ìtàn ìdílé. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, kí ẹ sì kọ Òjó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àṣìkọ gidi

Àwọn wọ̀nyí kò tọ́ nínú àkọtọ́ èyíkéyìí:

- *Ohun, ohùn, òun.* «Òun tí a rí» kò tọ́; ohun tí a rí ni. Ohùn ni à ń gbọ́. Òun ni ẹni náà.
- *Wípé.* «A gbọ́ wípé ìpàdé ti yẹ̀» kò tọ́. A gbọ́ pé ni. Ọ̀rọ̀ méjì ni wí pé: wí jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, bíi «Bàbá wí pé kí a jókòó».
- *Wọ́n, wọn, àwọn.* Wọ́n dé. A rí wọn. Àwọn ni ó dé.
- *Ṣì àti sì.* Ó ṣì wà níbẹ̀: kò tíì kúrò. Ó sì wà níbẹ̀: a ń fi kún ohun tí a ti sọ.
- *Ó àti o.* Ó san owó. O san owó. Nínú ìwé gbèsè, àmì kékeré yìí lè dá ìjà sílẹ̀.
- *Àwọn pẹ̀lú iye.* «Àwọn ọmọ mẹ́ta ló wá» ń tẹ̀ lé s tí Faransé máa ń fi kún ọ̀rọ̀. Ọmọ mẹ́ta ti tó.
- *Ẹ àti o nínú ìwé kan náà.* Ìwé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «A pè yín, bàbá wa» kò gbọdọ̀ parí pẹ̀lú «wá pẹ̀lú ìdílé rẹ».

Àṣìkọ tí ojú kò rí

Ɛ ti àkọtọ́ Benin àti ε ti èdè Gíríìkì jọra lójú, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ tó ní àmì tóótó lábẹ́ àti o̩ tó ní ìlà kékeré lábẹ́. Ẹni tó bá fi ọ̀kan wá ọ̀rọ̀ lè má rí èkejì, kó sì rò pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí orúkọ àwọn ènìyàn wa. Olùwádìí tó ń wá ìtàn Ìṣà gbọ́dọ̀ wá Isha, Icha, Itcha àti Ica, èyí tí àwọn onímọ̀ èdè ń lò. Ẹni tó ń wá Ṣábẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ wá Tchabè, Cabe àti Savè. Ẹni tó ń wá Ìdáàṣà gbọ́dọ̀ wá Idatcha, Idaca àti Dassa.

Ohun tó yẹ ká ṣe

1. Ẹ ya fọ́tò pátákó tàbí ìwé náà kí ẹ tó kọ ohunkóhun.
2. Ẹ da ohun tó wà níbẹ̀ kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà, láìtún nǹkan kan ṣe.
3. Ẹ sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́: Nàìjíríà, Benin, ọwọ́ Faransé tàbí àdàlù.
4. Ẹ kà á sókè fún àgbàlagbà tó ń sọ ẹ̀ka-èdè náà, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí ohun tí ó pè.
5. Ẹ kọ àtúnṣe sí ìlà ọ̀tọ̀. Ẹ má fi í rọ́pò ohun tí ẹ rí.
6. Bí àṣìkọ gidi bá wà lára ohun tí ẹgbẹ́ tàbí ìjọ kan ń múra láti tẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ ni kí ẹ lọ, kì í ṣe iwájú èrò.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní fọ́tò pátákó tàbí ìwé àtijọ́ láti Bantè tàbí Savalou lè mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́, pẹ̀lú orúkọ ìlú àti ọjọ́ tó ya á.