Àkísà Tí Ń Gbé Ariwo Mì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe yìí bu ọlá fún àkísà, ìtàn sì fi hàn pé ọlá náà tọ́ sí i.

Ní ọdún 1813, ní ìlú Batley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Law bẹ̀rẹ̀ sí í fa àkísà onírun àgùntàn ya, ó ń pò ó mọ́ irun tuntun, ó sì ń fi í hun aṣọ. "Shoddy" ni wọ́n pe aṣọ náà. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, irú aṣọ yìí ń ya mọ́ àwọn ọmọ ogun lára. Bí orúkọ aṣọ ṣe di orúkọ ohunkóhun tí ó jẹ́ gbàrọgùdù nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè sọ iyì nù kí ohun tí ó ń tọ́ka sí má sọ ìwúlò nù.

Ní ọdún 1895, gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Yunifásítì Harvard tí ìró ọ̀rọ̀ ń pẹ́ nínú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ. Wallace Clement Sabine, olùkọ́ físíìsì, ń kó tìmùtìmù ìjókòó wọ ibẹ̀ lóru, ó ń fi fèrè ọ̀gáànù àti aago wọn bí ìró ti ń pẹ́ tó. Bí tìmùtìmù ti ń pọ̀ sí i ni ìró ń tètè kú.

Kí ló fà á? Afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n ni ìró. Bí ó bá wọ àárín fọ́nrán aṣọ, a máa ha mọ́ wọn, agbára rẹ̀ a sì di ooru díẹ̀. Fọ́nrán kò mọ̀ bóyá tuntun ni òun tàbí àlòkù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ ògbólógbòó jíìnsì di ìtẹ́ inú ògiri ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ nípọn, kò sì lè dí ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ó wà níta. Ìró inú yàrá ni ó ń pa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè wa. Sìmẹ́ǹtì àti páànù lásán ni ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa. Níbẹ̀, ìró sílébù kan kì í tíì kú tí èkejì fi ń dé. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe fẹ́ gbọ́ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ dáadáa? Bẹ́ẹ̀, òkìrìkà tí kò ṣeé wọ̀ mọ́ ń kún ààtàn wa. Bí a bá dì í mọ́ ògiri kíláàsì, àkísà àgbà yóò wúlò fún ọmọdé.