Ìpàtẹ Ọkọ̀ Ojú Irin Ìṣeré ti York

Ìpàtẹ Ọkọ̀ Ojú Irin Ìṣeré ti York jẹ́ ìpàtẹ tí àwọn tó ń kó ọkọ̀ ojú irin ìṣeré jọ máa ń ṣe ní ìlú York, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ó ń wáyé, ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá. Ẹ̀ka ìlà-oòrùn ti ẹgbẹ́ Train Collectors Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1954, ni ó ń ṣètò rẹ̀.

Inú àwọn gbọ̀ngàn ńlá ni àwọn olùtajà ti ń to ọjà wọn sórí tábìlì. Lára wọn ni àwọn ọkọ̀ Lionel, ilé-iṣẹ́ tí Joshua Lionel Cowen àti Harry Grant dá sílẹ̀ ní ìlú New York ní ọdún 1900.

Ojúlówó ni olórí ohun tí olùrà ń wá. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ọ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, tí páálí rẹ̀ kò sì sọnù, sábà máa ń wọ́n ju èyí tí a tún kùn lọ. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ náà fi gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, láti orí ọkọ̀ tí kò ní àbàwọ́n rárá títí dé orí èyí tó ti bàjẹ́. Wọ́n sì ní kí a máa fi àmì sára ohun tí a ṣe ní àwòkọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ra àwòkọ ní iye owó ojúlówó.