Òkè Patti, Tẹlifíṣọ̀n àti Oúnjẹ Ọmọdé
Kí tẹlifíṣọ̀n tó dé, nídìí ìkòkò ìyá ni àwọn ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ tí ń gbé ní agbègbè Òkè Patti, ní Lọ́kọ́ja, ti ń mọ oúnjẹ tí ń ṣe ara lóore. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010 ni Sesame Square, ètò tí ń fi ọmọláńgidi, orin àti àwòrán kọ́ ọmọdé, tó dé orí tẹlifíṣọ̀n NTA. Nínú rẹ̀, ọmọláńgidi Zobi tí ń wa takisí fẹ́ràn iṣu bí ọmọláńgidi Cookie Monster ti Amẹ́ríkà ṣe fẹ́ràn bisikíìtì, ìpààrọ̀ tó bójú mu gidigidi, nítorí iṣu ni ọmọ wa mọ̀. Kí àwọn olùṣètò irú ètò bẹ́ẹ̀ fi ẹja Odò Ọya àti ẹ̀fọ́ kún iṣu náà.