Àṣàrò Kò Bá Làákàyè Jà: Àtúnṣe Kan Lórí Ẹ̀kọ́ Awólọ́wọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní àṣàrò lóde òní. Wọ́n ní kí ènìyàn tó lè dé ibi gíga nínú ẹ̀mí, àfi kó ti làákàyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé ìwé àti ìrònú ló ń dí ojú inú. Ní Rẹ́mọ, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Agbára àìrí, wọ́n ní, ló fi ń rí ọjọ́ iwájú. Láyé ìjọba alágbádá kejì, àwọn kan tilẹ̀ ń búra pé àwọn rí i nínú òṣùpá. Àṣìṣe ni, ó sì ń dùn mí, torí pé ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀nà tó gbà sílẹ̀.

Nínú The People's Republic, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1968, ó pín ènìyàn sí ara, ọpọlọ àti ọkàn, ó ní ẹ̀kọ́ tí kò bá tọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dàgbà kò tíì pé. Ipò gíga tó fẹ́ kí aṣíwájú dé ló pè ní mental magnitude. Ìbínú, ìkórìíra, ìbẹ̀rù, ìlara àti ìmọtara-ẹni-nìkan ló ń dínà rẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ àti ohun mímu tí kò yẹ, àjẹjù èyí tó yẹ pàápàá, àti ìṣekúṣe. Ẹ wá oògùn níbẹ̀, ẹ ò ní rí i. Kí ènìyàn mọ inú ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ta ló sì lè mọ inú ara rẹ̀ láìronú?

Ẹni tó fi ìbínú sínú, tó kàn jókòó dijú, ìbínú náà á jókòó tì í ni. Àfi kó bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi gan-an? Ṣé owó ni, àbí iyì? Tó bá rí i pé iyì lásán ni, ìbínú á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Àwọn tó ń ṣòwò gbànja ní Ṣàgámù kì í dédé di obì sínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bó o, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò kó tó gbọ̀nà òkè Ọya. Irú iṣẹ́ yẹn ni làákàyè ń ṣe fún aláṣàrò.

Àwọn tó ní ará Íńdíà ló ní kí àwọn pa ìrònú tì ṣi ẹ̀kọ́ náà gbọ́. Nínú Vedanta, ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ kan nílẹ̀ Íńdíà, gbígbọ́ ẹ̀kọ́ ló ṣáájú, ríronú sí i títí iyèméjì á fi tán ló tẹ̀ lé e, àṣàrò jíjinlẹ̀ ló ṣìkẹta. Lóòótọ́, àkókò kan ń bẹ tí ọ̀rọ̀ á dákẹ́ lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ronú ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń ṣe láǹfààní. Nílé wa níbí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ awo fi ń kọ́ ẹsẹ Ifá, láti ojú odù 16 dé 256, kó tó dá a fún ẹlòmíì.

Àwa tó kàwé náà ní àṣìṣe tiwa: a rò pé bí a bá ti lóye ọ̀rọ̀, ó parí. Oyè B.Com. ti wà lọ́wọ́ Awólọ́wọ̀ láti 1944, ó di lọ́yà ní 1946. Ní oṣù Keje 1963, ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ pa Olúṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Ìwé ẹ̀rí kì í gbé ènìyàn la irú èyí já. Síbẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n Kàlàbá ló ti kọ Thoughts on Nigerian Constitution, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1966. Òye nìkan kò tó, àfi kí ènìyàn lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ìdí nìyí tí oúnjẹ àti ohun mímu fi wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀: ara tí a kò kó níjàánu kì í jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ti gbà pé ó tọ́.