Nígbà tí wọ́n ní ká má jókòó jẹun ní bùkà mọ́: ẹ̀kọ́ tí Kòrónà fi sílẹ̀ n'Íbàdàn

Èmi nọ́ọ̀sì yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, mo ń sọ̀rọ̀ lórí ọwọ́ fífọ̀ nígbà tí màmá kan tó ń ta àmàlà ní Bódìjà nawọ́ sókè. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, Kòrónà ọjọ́sí yẹn, ṣé àìsàn ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa ni? Àìsàn yẹn ò dé ilé mi, àmọ́ òfin rẹ̀ jẹ owó òwò mi tán." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Mo ṣèlérí pé màá kọ ìdáhùn mi sílẹ̀. Òun nìyí.

*Ọjọ́ tí òjò ti ń pa igún, ọjọ́ ti pẹ́*

Kòrónà kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Bida ti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, wọ Èkó. Àrùn ọ̀fìnkìn líle tó ń pa ènìyàn káàkiri ayé nígbà náà bá a wọlé. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901, nítorí náà bí èrò ṣe ń gòkè bọ̀, ni àrùn ń bá wọn gòkè bọ̀. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló kú ní Nàìjíríà, nígbà tí gbogbo wa kò ju bíi mílíọ̀nù 18 lọ. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Kí ènìyàn jìnnà sí ènìyàn ni ohun tó wà lọ́wọ́.

Ẹ tún rántí Ebola ọdún 2014. Arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà ló gbé e wọ Èkó lóṣù keje. Ènìyàn 20 ló mú, 8 nínú wọn kú. Àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ mọ ohun tí ojú wọn rí lọ́dún náà. Gbogbo bùkà ló gbé ike omi àti ọṣẹ síta. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa. Kò pẹ́ tí ike omi náà fi padà sínú ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ ike omi yẹn, ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín, màá padà sórí rẹ̀.

*Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020*

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní Nàìjíríà. Nígbà tí oṣù kẹta fi máa parí, ó ti mú ọ̀gá àgbà UCH, ó sì ti mú Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra rẹ̀. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ara wọn yá.

Ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Ọ̀yọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Tiwa ni pé, láti ọjọ́ 29 oṣù náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn láti aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀. Èrò kò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ níbi ìpéjọ. Ọjà di títì, àfi ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ tó lè bàjẹ́. Tí ènìyàn bá gbọ́ ọ lásán, á ní tiwa rọ̀ ju ti Èkó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó láti ẹ̀yìn ìkòkò.

Ní Challenge àti Ring Road, ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni ọjà àwọn onísùyà, ẹlẹ́ja yíyan, ẹlẹ́pẹpẹ súùpù àti ọlọ́tí ń bẹ̀rẹ̀. Kí a ní kí onísùyà wọlé ní aago méje alẹ́, ó dà bíi kí a ní kí alákàrà má dín àkàrà láàárọ̀ ni. Ní Dùgbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ti ọ́fíìsì àyíká Cocoa House ni oníbàárà ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n jókòó sílé, ta ni kó wá jẹun? Ti Agbowó ló wá burú jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ló ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà wọn. Iléèwé tì lóṣù kẹta, ASUU sì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní oṣù kan náà. Oṣù Kejìlá ni ó tó parí. Nígbà tí àwọn àdúgbò yòókù ń ṣí díẹ̀díẹ̀, Agbowó ṣì dá páropáro.

Ní oṣù karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin. Wọ́n ní ilé oúnjẹ lè tà, àmọ́ kí ènìyàn gbé e lọ sílé ni, kò gbọdọ̀ jókòó. Ilé oúnjẹ ńlá tó ní ọlọ́kadà tó ń gbé oúnjẹ kiri rọ́gbọ́n dá sí i. Alámàlà tí kò ní ju àga gbọọrọ mẹ́rin lọ ńkọ́? Owó abọ́ ike tó ń rà, inú èrè oúnjẹ ló ti ń yọ.

*Kí ló dé tó jẹ́ ilé oúnjẹ?*

Ìdí wà níbẹ̀, kì í ṣe ìkà lásán. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè wọ ìbòmú kó máa jẹun. Níbi tí à ń jẹ, tí à ń mu, a máa ń pẹ́, a máa ń sọ̀rọ̀ sókè, a máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀mí àti itọ́ tín-ín-tìn-ín tó ń jáde lẹ́nu wa ni àrùn yìí ń bá rìn.

Ní oṣù kìíní 2020, ní ìlú Guangzhou ní Ṣáínà, ìdílé mẹ́ta jẹun ọ̀sán nínú ilé oúnjẹ kan tí kò ní fèrèsé. Wọn kò mọ ara wọn rí. Ẹnìkan ṣoṣo ló gbé àrùn wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ènìyàn 10 nínú ìdílé mẹ́ta yẹn ló ní in. Àwọn onímọ̀ rí i pé afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ló ń yí láàárín tábìlì wọn.

Ẹ wo ohun tí èyí kọ́ wa. Bùkà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, sàn ju yàrá aláàsì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lọ. Òfin kò ya méjèèjì sọ́tọ̀.

*Ta ló san owó rẹ̀?*

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 20 oṣù kẹta 2020 ni wọ́n ti ilé ọtí àti ilé oúnjẹ pa. Ṣùgbọ́n ìjọba san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró sílé, tí kò ní ju £2,500 lóṣù. Níbí, Báńkì Àpapọ̀ ya bílíọ̀nù 50 náírà sọ́tọ̀, àmọ́ owó yíyá ni, ìwé báńkì ni wọ́n sì fi ń gbà á. Ẹni tí báńkì rẹ̀ jẹ́ alájọ àti etí ìró, báwo ni yóò ṣe débẹ̀?

Èmi rí àbájáde rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ìyá kan tó ń yan ẹja ní Challenge ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí owó òwò wọn tán, wọ́n ń dá oògùn sí méjì, wọ́n ń lo ìdajì. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ wọn ti di 190 lórí 110. Kòrónà ò fọwọ́ kàn wọ́n rárá, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kó pa wọ́n.

Nígbà tó di Kérésìmesì 2020, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti yáwó ra ọjà ọdún, àṣẹ tún dé pé kí ilé ọtí tì fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo fi ojú mi rí àwọn tó ti iwájú, tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn. Mi ò yìn wọ́n, àmọ́ ó yé mi. Àṣẹ tó bá gba oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn tí kò fi nǹkan dípò, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa tẹ̀ lé e.

*Ìdáhùn mi*

Màmá, àìsàn ni. Ó lé ní 3,100 ènìyàn tí ìjọba kọ sílẹ̀ pé ó pa ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni tiyín náà: ẹ̀yin tó ń bọ́ ìlú lẹ gbé ẹrù tó wúwo jù. Òmíràn lè dé lọ́la. Kí ó má bá wa bí ti àná, mo bẹ̀ yín:

1. Ẹ gbé ike omi yẹn padà síta, pẹ̀lú ọṣẹ. Ó ń lé onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun náà.

2. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. Ẹ má fi tapólì bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ bùkà.

3. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, tó ń wúkọ́, kó má se oúnjẹ tà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ ní àpò àìsàn, kí ohun tí yóò jẹ wà nílé. Owó kékeré lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó.

4. Ọjà ìbáà tà, kó má tà, ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí méjì. Tí owó bá tán, ẹ wá bá mi ká jọ wá ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kà á fún àwọn àgbà tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Àpò àìsàn yẹn, màá béèrè rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì yín