Ọdún Údójì àti Sìtẹ́rìò Bàbá Tíṣà

Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa lónìí kò ní gbàgbé Údójì. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ gbé àbá kalẹ̀ fún ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ìjọba gbà, wọ́n sì ní kí wọ́n ka owó náà sẹ́yìn láti oṣù kẹrin ọdún yẹn. Nígbà tí owó máa fi jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, àjẹsílẹ̀ oṣù bíi mẹ́sàn-án ló já lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ra alùpùpù. Àwọn kan fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ṣe tíṣà l'Ókìtìpupa, ra sìtẹ́rìò.

Ẹ má rò pé rédíò alágbèéká ni mò ń sọ o. Amplifáyà wà lọ́tọ̀, ẹ̀rọ tí ń yí àwo orin wà lọ́tọ̀, sípíkà méjì sì wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Èkó ló ti rà á. Ó gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde dé Òrè kó tó yà sí apá Ìkálẹ̀, orí itan ló sì gbé amplifáyà náà lé títí tó fi délé. Bàbá Tíṣà la máa ń pè é. Láti ọjọ́ yẹn lọ, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Sìtẹ́rìò, kò sì bínú sí i.

Ohun tí amplifáyà ń ṣe kò ṣòro láti yéni. Ohùn tó ń ti inú àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì jáde kéré gan-an, kò lágbára àtimi awọ sípíkà. Amplifáyà á gba ohùn jẹ́jẹ́ yẹn, á wá fi agbára iná tó ń fà láti ara ògiri sọ ọ́ di ńlá. Ará Amẹ́ríkà kan, Lee de Forest, ló ṣe irú gílóòbù kan ní 1906 tí wọ́n fi wá rí ọ̀nà sọ ohùn di ńlá ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Gílóòbù wọ̀nyí máa ń gbóná bí ààrò, wọ́n sì máa ń tètè kú. Ní 1947 ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta, Bardeen, Brattain àti Shockley, ṣe trànsísítọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Bell, ohun tí kò ju ẹyọ àgbàdo lọ. Òun ló jẹ́ kí amplifáyà ṣeé gbé lé itan nínú ọkọ̀ èrò.

Ṣùgbọ́n kí ó tó di ohun àgbélé-itan, ó ti dé ilẹ̀ wa lọ́nà mìíràn. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò inú wáyà l'Ékòó. Ọ́fíìsì wọn ni amplifáyà wà. Wáyà ló ń gbé ohùn láti ibẹ̀ lọ sílé àwọn tó ń sanwó oṣooṣù. Àpótí tó wà lára ògiri nílé wọn, sípíkà lásán ni. O kò lè yan ohun tí o máa gbọ́, àfi kí o gbé e sókè tàbí kí o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Orúkọ tí àwọn àgbà sọ rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì, bá àpótí yẹn mu ju ohunkóhun lọ.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni amplifáyà tó ṣeé gbé kiri dé ọwọ́ àwọn olórin wa. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gbé ohùn gìtá rẹ̀ jáde. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ ariwo lásán nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣáájú ìgbà yẹn, orin inú pálọ̀ ni jùjú, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń ṣe é, nítorí bí ìlù bá ti pọ̀ jù, gìtá á kú sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí gìtá ti ní amplifáyà lẹ́yìn, àyè wá gba gángan, àyè gba ìlù rẹpẹtẹ, àyè gba ẹlẹ́gbè púpọ̀. Lójú tèmi, bí kò bá sí àpótí yẹn, a ò bá má gbọ́ irú jùjú tí Sunny Adé ọmọ Oǹdó gbé yí ayé ká.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìkálẹ̀, Queen Comfort Omoge wà lára àwọn tó gbé asíkò wọ inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní àwọn ọdún 1970. Bàbá Tíṣà ní àwo rẹ̀. Àwọn ìyá arúgbó tí kì í gbọ́ rédíò, tí wọ́n ní èdè àwọn ará òkè ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, máa ń wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wa nírọ̀lẹ́. Ẹnu ìlú wọn gan-an ló ń jáde látinú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Jàpáàn. Mo rí ọ̀kan nínú wọn tó lọ wo ẹ̀yìn sípíkà.

Ìdí tí sípíkà fi jẹ́ méjì kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà, wọ́n rò pé kí ariwo lè pọ̀ ni. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Alan Blumlein, ló ronú rẹ̀ ní 1931 pé etí méjì lèèyàn ní, ó sì yẹ kí ohùn ti ọ̀nà méjì wá. Ó di 1958 kí àwo onísìtẹ́rìò tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́jà dáadáa. Bí ẹ bá to sípíkà méjèèjì lé ara wọn, tàbí kí ẹ gbé ọ̀kan sí pálọ̀, ìkejì sí yàrá, ẹ ti da iṣẹ́ Blumlein nù.

Ọkùnrin atúnrédíò-ṣe kan ló wá to ẹ̀rọ náà fún Bàbá Tíṣà, mo sì dúró tì í bí ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀yìn amplifáyà ló kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ni bọ́tìnnì kékeré kan wà tí a máa ń yí sí 110 tàbí 240. Fólítì 240 ni iná ilẹ̀ wa nígbà yẹn, ti Amẹ́ríkà kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Ó sọ fún wa pé àwọn kan tó ti òkè òkun gbé ẹ̀rọ bọ̀ ò wo ẹ̀yìn rẹ̀, èéfín sì ni orin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wá so wáyà sípíkà, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Bí a bá ṣì wọ́n so ní ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn méjèèjì á máa ti ara wọn, ohùn ìlù ńlá á sì pòórá. Ó ní bí irun wáyà pupa bá fi lè kan dúdú nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, trànsísítọ̀ á kú lójú ẹsẹ̀. Ó so wáyà tín-ín-rín kan láti ara ẹ̀rọ àwo mọ́ ara amplifáyà, igbe “hùùù” tó ń dà wá láàmú sì dákẹ́.

Ó sọ ọ̀rọ̀ méjì kó tó lọ. Àkọ́kọ́ ni pé kí a má bo amplifáyà, ó ní láti mí. Ìkejì ni pé sípíkà méjì ni kí a máa lò, kí a má fi kún un. A gbàgbé méjèèjì.

Ìyàwó Bàbá Tíṣà ló bẹ̀rẹ̀. Ó fi òwú hun aṣọ funfun kan tó rẹwà, ó tẹ́ ẹ lé orí amplifáyà, ó wá gbé òdòdó oníke lé e. Ta ló máa sọ fún obìnrin pé kó má ṣe ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́?

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní 1978, nígbà tí a ń ṣe òkú ìyá àgbà wa. Ẹ mọ bí òkú ṣe ń rí nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Àwọn ọmọ ọ̀dọ́ fẹ́ kí orin dé ìta, ni wọ́n bá yá sípíkà méjì sí i, wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹnu kan ṣoṣo lẹ́yìn amplifáyà. Óómù mẹ́jọ ló wà lára sípíkà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá so méjì pọ̀ báyẹn, óómù mẹ́rin ló kù. Mẹ́rin pọ̀, ó di méjì péré. Bí óómù bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń sá gba inú amplifáyà á máa pọ̀ sí i, bí ìgbà tí ẹ lu ihò mẹ́rin sí ìdí gárawa kan ṣoṣo. Kò tó wákàtí kan tí fíùsì fi já.

Iṣẹ́ fíùsì sì nìyẹn. Ó já kí ilé má baà jó. Ṣùgbọ́n agbo ti gbóná, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ẹnì kan béèrè bóyá a ní bébà dídán inú páálí sìgá, pé tí wọ́n bá fi wé fíùsì, iná á tún gba ibẹ̀ kọjá. Èmi ni mo sá lọ mú un wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, inú mi dùn pé àwọn àgbà rán mi níṣẹ́.

Orin tún bẹ̀rẹ̀, ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bébà yẹn kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun já. Nígbà tó máa fi di ọwọ́ òru, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, a rò pé ibi ìdáná ni. Lẹ́yìn náà ni aṣọ funfun yẹn gbiná, òdòdó oníke yọ́ lé e lórí, kọ́tìnnì gbà á. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti sùn lọ sẹ́yìn sípíkà. Ìyá mi wọ inú èéfín lọ gbé e. Bàbá kan ti gbé korobá omi dání tó fẹ́ dà á, Bàbá Tíṣà ké, “Ẹ má da omi! Ẹ pa iná ilé ná!” Púlọ́ọ̀gì ṣì wà lára ògiri, omi yẹn ì bá gbé iná padà bá ẹni tó dà á. Wọ́n pa méènì, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi pa iná náà nínú òkùnkùn. Àpá wà lápá ìyá mi títí ó fi kú.

Ó pẹ́ kí n tó jẹ́wọ́ bébà sìgá náà. Mo ti níyàwó nígbà náà. Bàbá Tíṣà wò mí, ó ní, “Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ìwọ nìkan lò ń ṣa páálí sìgá jọ nílé yẹn.”

Ó ra òmíràn nígbà tó yá, kò sì jẹ́ kí ohunkóhun wà lórí rẹ̀ mọ́. Fíùsì tó bá já, òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu ló ń fi rọ́pò, tó bá sì tún já, ó ń pe ẹni tó mọ iṣẹ́. Kì í tú ìdérí ẹ̀rọ, nítorí ìkòkò kéékèèké tó ń tọ́jú iná wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lè gbáni kódà lẹ́yìn tí a bá ti yọ púlọ́ọ̀gì.

Ní 2007 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ iná oníga̩á̩sì sí Ọmọ́tọ́shọ̀ọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa níbí gan-an, èyí tí wọ́n ní ó lè pèsè mẹ́gáwáàtì 335. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú Ìkálẹ̀ wà nínú òkùnkùn fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, jẹnẹrétọ̀ ló sì di iná ìjọba wa. Tí ẹ bá ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré gbọ́ orin, ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí fèrèsé, torí èéfín rẹ̀ ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ẹ jẹ́ kó sáré dọ́gba ná kí ẹ tó tan amplifáyà, kí ẹ sì pa amplifáyà kí ẹ tó pa á.

Ojú ọ̀run nìkan ni Bàbá Tíṣà kò fọkàn tán rí. Òjò tiwa kì í ṣe òjò eré, ààrá rẹ̀ a sì máa gba orí wáyà wọlé. Ní gbàrà tí ó bá ti ṣú láti apá òkun, ibi yòówù tí mo bá wà nínú àgbàlá ni màá ti gbọ́ ohùn rẹ̀: “Lọ yọ ọ́ lára ògiri!” Màá sáré wọlé, màá nu ọwọ́ mi gbẹ, màá yọ púlọ́ọ̀gì, màá sì ká wáyà náà sórí àga kí ó lè rí i láti ibi tó jókòó sí.