Dóńgóyárò: Àlejò Tí Ó Di Onílé

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ibà bá kọ lu ènìyàn, ewé dóńgóyárò wà lára ohun tí àgbà ilé kọ́kọ́ máa ń já sínú ìkòkò àgbo. Ọ̀pọ̀ a sì máa sọ pé oògùn àwọn baba ńlá ni. Orúkọ igi náà gan-an ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti inú èdè Haúsá ni ó ti wá: ọmọkùnrin gíga ni 'dogon yaro'. Igi tí ó bá ti ń bá Yorùbá gbé láti ìṣẹ̀ṣe, ta ni yóò yá orúkọ fún un lọ́wọ́ aládùúgbò?

Ilẹ̀ Íńdíà àti Bọ́mà ni orírun rẹ̀. Láti Gánà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ni irúgbìn rẹ̀ ti wọ Nàìjíríà ní ọdún 1928. Maiduguri ní Borno ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbìn ín. Kì í ṣe nítorí àgbo rárá. Igi ìdáná, òpó ilé àti ibòji ni ìjọba amúnisìn ń wá fún ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kò tó nǹkan, tí oòrùn ibẹ̀ sì ń jó bí iná. Dóńgóyárò yege. Gbòǹgbò rẹ̀ a wọlẹ̀ jìnnà lọ wá omi. Ewé rẹ̀ korò lẹ́nu ẹran ọ̀sìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀pọ̀ igi ti di ọ̀pá lásán, tirẹ̀ a ṣì máa tutù yọ̀yọ̀. Ẹyẹ àti àdán ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n sì ń tu kóró rẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Ọwọ́ ènìyàn àti ẹnu ẹyẹ ni ó gbé e tàn ká.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní igi ibòji tẹ́lẹ̀. Odán ni igi ojú ọjà àti iwájú ààfin. Bí wọ́n bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, yóò hù. Ṣùgbọ́n igi gbangba ni odán, gbogbo ìlú ni ó ni ín. Dóńgóyárò ni igi àgbàlá àti ẹ̀gbẹ́ títì, tí mẹkáníìkì, aránṣọ àti olóúnjẹ ń sá sí abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Àwọn tí ó ti lọ sí Mẹ́kà pàápàá ti bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ní pápá Àráfà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ìmọ̀ igi yìí ti di ẹjọ́ rí. Ní ọdún 1994, ilé-iṣẹ́ W. R. Grace àti ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ gba ẹ̀tọ́ àdánìkanní ní Yúróòpù lórí fífi òróró rẹ̀ kápá àrùn tí ń mú kí ohun ọ̀gbìn bu. Àwọn ará Íńdíà takò ó, wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ àwọn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Wọ́n wọ́gi lé ẹ̀tọ́ náà ní ọdún 2000. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì já sí asán ní ọdún 2005.

Yorùbá kò lè jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Tiwọn yàtọ̀: àwọn adáhunṣe rí igi àjèjì, wọ́n tọ́ ewé rẹ̀ wò, wọ́n sì fi kún ewé ibà láàárín bí ọgọ́rùn-ún ọdún péré. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ pé ti àtayébáyé ni, iṣẹ́ àwọn adáhunṣe wọ̀nyí ni ó ń pa rẹ́.